Bí Kálukú Ṣe Ń Dọ̀bálẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá ọkọ́ gbé dé oko wa lọ́nà Sẹ́kọ́nà, ìdọ̀bálẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá yàrá ìyá àgbà láì kí wọn. Bí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, wàá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná.

Ìyá àgbà yìí, ìyá tó bí bàbá wa, wọn ò ríran mọ́ nígbà náà. Orí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa run orín. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń pa ilẹ̀ ibẹ̀. Ó máa ń tutù lábẹ́ àyà, ó sì máa ń rùn bíi koríko tí òjò pa. Tó o bá ti na tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Oríkì ilé wa, ọ̀kan náà ni, àmọ́ wọ́n máa ń fi tẹnu ara wọn lé e fún kálukú. Èmi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kékeré, ìyẹn ni wọ́n rí kì: "Àjàní, a-jẹun-má-sọ̀rọ̀, ọmọ tí í gbọ́, tí í ṣe bí ẹni tí ò gbọ́." Wọn kì í yára. Àwa tí ìtọ̀ ń gbọ̀n á máa fi ẹsẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, òórùn àkàrà á sì máa fẹ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ò bá kí wọn, ẹ̀kọ àárọ̀ ò kàn án.

Lọ́jọ́ kan, Àkànní, ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa, ò fẹ́ dìde. A ti ta òkòtó títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá ẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ dọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà ò kúkú ríran, òun á fún mi ní òkòtó òun tó dáa jù. Mo lọ kí wọn fún ara mi. Mo yí gba ẹ̀yìnkùlé, mo tún padà wá, mo ju ara mi sílẹ̀ gbì.

Ìyá àgbà yọ orín lẹ́nu. "Àjàní, ṣé èyí tó o kọ́kọ́ kí ò yó ẹ ni? Lọ jí Àkànní wá. Ìyẹn, orúnkún ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ kó tó gbé àyà sílẹ̀. Ìwọ, gbogbo ara lo fi ń ṣubú bí àpò èlùbọ́."

Wọ́n ní kí àwa méjèèjì fi ìka kan tọ́lẹ̀ títí oòrùn fi gun orí. Kò sí ẹ̀kọ. Àkànní sì gba òkòtó tó ti fún mi padà.

Ìyá àgbà ti lọ. Àwọn òbí mi ti lọ. Àkànní náà ti lọ. Ìyàwó mi nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àjàní, òun náà sì ti sùn nínú Olúwa. Tí mo bá jáde nílùú Ẹdẹ báyìí, Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Bàbá pọ̀ lójú títì.

Ọmọ mẹ́ta la bí. Àlàó wà lókè òkun, Àbẹ̀kẹ́ wà l'Ékòó, Àyìndé wà l'Ábújá. Fóònù ni wọ́n fi ń kí mi. Ṣadé, ọmọ Àbẹ̀kẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, òun náà ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì máa ń ka ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ fún mi. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, àdúrà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀, òdòdó tí wọ́n yà sí i ò yàtọ̀. Àdúrà náà ní, "Ìyá rere, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́."

Ṣadé wojú mi. Mo ní kó máa kà á lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ibì kan ni wọ́n ti rí i, wọ́n kàn tì í sí gbogbo èèyàn ni."

Mo ṣe àmín. Mo wo àga ìyá wọn.

Mi ò kọ àdúrà. Ohun tó ń dùn mí ni pé oríkì àwọn ọmọ yìí wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó na sílẹ̀ láti gbà á. Tí wọ́n bá pè, kí n tó débẹ̀, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bí mo bá kú, ó parí nìyẹn.

Ìgbà tá a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ni mo sọ ọ́ fún Ṣadé. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, Bàbá. Ẹ sọ ẹyọ kan, màá fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Rárá. Kálukú ló ni tiẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀! Ṣé mẹ́ta lẹ fẹ́ sọ lónìí?"

Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu mi. Mo kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́ fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́. Àyìndé fi irú ẹ̀ gan-an ránṣẹ́. Ṣadé ní àwọn méjèèjì ò tíì ṣí i gbọ́. Àlàó ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mo jókòó ti fóònù títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Ìgbà tó yá, ó dún. Ṣadé ní Àlàó ni. Mo ní, "Àlàó?" Mi ò gbọ́ ohùn. Ṣadé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó fẹ́ pa á. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo gbọ́ nǹkan tó kanlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan ló ṣáájú, àyà wá tẹ̀ lé e, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti jábọ́ lórí igi máńgòrò ilé wa.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ò ríran mọ gbogbo ọmọ ilé bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Láyé ìsinsìnyí, fóònù ń kọ orúkọ ẹni tó ń pè gàdàgbà, síbẹ̀ mi ò kì í mọ ẹni tó ń kí mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "O ò jíire bí, Àlàó?" Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, mi ò yára. Ó wà nílẹ̀ títí mo fi parí.