Ọ̀rá Iyọ̀ Kan, Pọ́ìntì Kan

Ara mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí akọ̀wé báǹkì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pọ́ìntì fún mi. Ó ní ìgbàkígbà tí mo bá fi káàdì mi sanwó lórí ẹ̀rọ POS, pọ́ìntì yóò máa bọ́ sórí orúkọ mi, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá bu ènì sórí gàrí ẹni. Mo bi í bóyá ènì ẹni tó ra àpò ìrẹsì kò ní pọ̀ ju ti ẹni tó ra ọ̀rá iyọ̀ kan lọ. Ó ní rárá, iye ìgbà tí èèyàn sanwó ni báǹkì ń wò, kì í ṣe iye owó tó san. Bí pọ́ìntì mi bá pé kí ọdún tó parí, wọn yóò gba yàrá fún èmi àti ẹnì kejì mi ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn. Bí kò bá pé, gbogbo rẹ̀ yóò pòórá pẹ̀lú ọdún.

Ìbàdàn ló mú mi lọ́kàn. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti pàdé nígbà tí a wà ní yunifásítì. Bí a bá kúrò ní ilé ìkàwé nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń sin ín dé ilé tí àwọn obìnrin ń gbé, mo sì máa ń fa ẹsẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé bí a bá ti débẹ̀, ẹ̀yìn géètì ni tèmi. Òun ló máa ń yára rìn jù mí lọ nígbà náà. Ní báyìí, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé láìsinmi lọ́nà. Mo rò ó pé kí orúnkún náà tó kọ̀ láti wọ mọ́tò rárá, kí n mú un padà lọ síbẹ̀, ká tún jókòó sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi ńlá ojú ọ̀nà ilé ìkàwé wọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ inú mọ́tò la jókòó sí. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Iyọ̀ láàárọ̀, ṣúgà lọ́sàn-án, mílíìkì ọlọ́ràá nírọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba káàdì láìfajúro kò pọ̀ ní Arámọkọ tí à ń gbé. Obìnrin tó ni èyí tó tóbi jù lẹ́bàá garéèjì bẹ̀ mí títí pé kí n máa kó ohun tí mo fẹ́ rà pọ̀, kí òun lè yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní àgbà ti dé, pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni nǹkan ń wá sí mi lọ́kàn.

“Ìgbàgbé yín yìí, Bàbá,” ló wí, “kì í mà gbàgbé káàdì.”

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀ ní Arámọkọ, n ó wa mọ́tò lọ sí Ìjerò. Bí Ìjerò náà bá kọ̀, ó di Ẹ̀fọ̀n. Mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà, tí mo tan iná mọ́tò lọ́sàn-án gangan, nítorí páálí igi ìtayín kan. Ní ilé epo, n ó ra epo díẹ̀, n ó yí po, n ó tún padà wá rà. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì o. Mo mọ̀ dájú pé epo tí mo ń jó ju ohun tí mo ń lé lọ. Síbẹ̀, bí fóònù bá ti dún nínú àpò mi pé pọ́ìntì ti wọlé, àyà mi á sọ bí ìgbà tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ojú pátákó.

Nígbà tí mo ń ti Ẹ̀fọ̀n bọ̀ lọ́jọ́ kùrukùru yẹn, obìnrin kan na iṣu sí mi létí títì. Ó ní, “Uṣu rèé, Bàbá.” Iṣu náà tóbi, ó pẹ̀ka bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Mo bi í bóyá ó ń gba káàdì. Ó wò mí, ó gbé iṣu rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bèèrè bóyá iṣu ò sí lọ́nà, mo ní n kò rí.

Oṣù ìkórè dé. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìsìn ìkórè, àwọn ìyá ìjọ wa máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lọ fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu. Ìyàwó mi ló ṣáájú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá a dúró. Òun ló kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ojú má baà ti ẹni tó ń gbà á. Lọ́jọ́ kejì ìkórè, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ọṣẹ ẹyọ kan lọ́wọ́, mo bá mẹ́ta nínú wọn ní pálọ̀ wa, apẹ̀rẹ̀ wà lórí tábìlì, iṣu, ìrẹsì, epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbé e wá kí ìyàwó mi lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Èyí tó ṣáájú wọn, tó jẹ́ ọmọ iléèwé ìyàwó mi nígbà tí ìyàwó mi wà nípò ọ̀gá iléèwé, di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ojú la fi ń mọ̀, pé a kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ.” Ó wo ọṣẹ ọwọ́ mi, ó gbójú kúrò. “A ti ń rí Bàbá.”

Nígbà náà ló yé mi. Nílùú wa, ẹni tí kò ní ni í ra iyọ̀ ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, tí í lọ, tí í bọ̀, bí náírà bá ṣe ń já mọ́ ọn lọ́wọ́.

A kì í dá ẹ̀bùn ìkórè padà. Ìyàwó mi dúpẹ́, ó gbàdúrà fún wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

“Dádì, ṣé wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì yín mọ́ ni?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, báǹkì, pọ́ìntì, Ìbàdàn. Ó ń gbọ́ mi bó ṣe máa ń gbọ́ àwíjàre ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

“Máàkì,” ló wí. “Ẹ ń wá máàkì kiri.”

“Pọ́ìntì ni, Màmá.”

“Ìbàdàn tí ẹ fẹ́ mú mi lọ yìí, láti ìgbà tí ẹ ti gbéra, n kò rí yín nílé mọ́. Èmi àti rédíò la jọ ń gbélé.”

Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbá itan. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní kí n fa òun dìde, kí n sì mú káàdì dání.

Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá garéèjì. Bó ṣe gbára lé èjìká mi wọlé ni wọ́n ń yà fún un, tí wọ́n ń kí i. Ó ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan, kẹ́ẹ̀gì òróró, páálí ọṣẹ àti odindi páálí iyọ̀, kí wọ́n kó wọn lọ sí ilé àlùfáà wa fún àwọn apẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tíì pín. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń bá gbogbo ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló lò. Oníṣọ́ọ̀bù yọ owó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti ń ṣírò iye ìgbà tí ì bá dún ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan la rà wọ́n.

Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó bi mí bóyá máàkì mi ti fẹ́ẹ̀ pé. Mo ní ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún náà kù díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí orí àtẹ, ó mú páálí abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan, ó gbé e síwájú oníṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ gba owó èyí lọ́tọ̀.”

“Ẹ̀yin náà, Màmá?” ni oníṣọ́ọ̀bù wí.

“Èmi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ.”

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kùn, ọ̀kan ní mọ́tò ń dúró de òun. Orúnkún ìyàwó mi ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbára lé ọwọ́ mi pátápátá, ó wúwo, n kò sì lè yẹsẹ̀.