Omidùn Ìyá Mi Nínú Táńkì

Ìyá mi ò gbà kí ọṣẹ kan ìkòkò ògì wọn láyé. Ní Jákàńdè tí à ń gbé, bí wọ́n bá ta ògì tán, wọ́n á ṣẹ́ omidùn díẹ̀ kù sílẹ̀, omi kíkan tó máa ń lé sórí ògì yẹn, kó lè jẹ́ kí ògì tuntun tètè kan. Ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn ni wọ́n ti bu ti àkọ́kọ́ wá.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Free Zone. Ìdọ̀tí omi àgbàdo tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń dà nù la máa ń gbà. A ó jẹ́ kó kan, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá yọ ásíìdì inú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọbẹ̀ inú agolo, kí ọjà wọn má baà tètè bàjẹ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, omi náà kọ̀, kò kan. Ó kàn ń rà ni. Ìyá mi fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá bu omidùn sínú ìgò.

"Gbé e fún ọ̀gá ẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n má fọ táńkì yẹn o!"

Ọ̀gá mi gbà á bí ẹni ń ṣeré. Kò pẹ́, táńkì ti ń hó.

Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ẹbí tó wá ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ bá wa tún ilé ṣe. Wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ìkòkò ògì náà títí ó fi ń dán. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Inú bí mi débi pé mi ò lè dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, inú táńkì nìkan ni omidùn wọn kù sí. Bí mo bá ṣí ìdérí, òórùn ọwọ́ wọn á yọ sí mi. Ẹ̀rù máa ń bà mí, síbẹ̀ kì í wù mí kí n dé e padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ní àwọn ti ra ìyẹ̀fun kan láti òkè òkun tí yóò máa jẹ́ kí omi náà tètè kan. Ó ní ká da gbogbo rẹ̀ nù, ká fi omi gbígbóná fọ táńkì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bu díẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi waste ṣe?"

"Ti ìyá mi ni, sà."

Ó wò mí, ó gbójú kúrò. Mo bu ìgò kan.

Nínú bọ́ọ̀sì, a ò tíì kọjá Lakowe tí àwọn èèyàn ti ń dímú nítorí òórùn ìgò náà. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo dà á sórí ògì tuntun nínú ìkòkò ìyá mi, mo sì ń bẹ̀rù pé bóyá omidùn náà ti kú. Nígbà tó kan, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ni, oníbàárà ìyá mi tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, tí wọ́n sunkún ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n fa òórùn ògì náà símú, wọ́n na abọ́ sí mi.

"Ìyá ológì, ẹ ti dé? Ẹ bá mi bu tèmi."

Mo fẹ́ sọ pé èmi ọmọ wọn ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gba abọ́ náà, mo bu ògì sí i, mo sì fi ènì lé e bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún wọn.