Bisikíìtì Márùn-ún Lẹ́ẹ̀kan

Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì oníyọ̀ ló ti lo ọdún mọ́kànlélógún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Nínú ogún àpò tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á mú ọ̀kan, á gbé e ka orí òṣùwọ̀n, á wò ó bóyá ó pé igba gíráàmù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, á sì fọwọ́ síwèé. Bí kò bá pé, á dá ẹ̀rọ dúró, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà ló dúró tì í. Wọ̀nọ́nwò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ tí kì í fi ìyẹn dáhùn. Bí ẹnìkan bá ní òun ti rù, á ní, "Wọ̀n ọ́n wò." Bí wọ́n bá ní òjò ọdún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ, á ní, "Ṣé o wọ̀n ọ́n ni?" Àwọn obìnrin tó ń di páálí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé ìyàwó sórí ìwọ̀n kó tó gbà á lọ́wọ́ àwọn àna.

Ẹ̀gbọ́n kan ló ní láyé, obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Wọ̀nọ́nwò nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n di olùkọ́, ó sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò bímọ. Ẹni tó bá bi í pé ọmọ mélòó ló ní, á ní, "Ẹyọ kan péré, ó sì ti hu irùngbọ̀n." Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, Wọ̀nọ́nwò fúnra rẹ̀ ló lọ kó ẹrù rẹ̀, tó gbé e wá sílé ara rẹ̀, sínú yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀.

Kò tíì pé ọdún méjì tó dé ọ̀dọ̀ wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá fi ìka tẹ kókósẹ̀, ojú ìka á jìn síbẹ̀ bí ẹní tẹ amọ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Mọ́mì," dókítà wí, "ó ti ń rẹ ọkàn yín. Iyọ̀ ló ń dá omi dúró sí yín lára. Oògùn tí mo kọ yìí á máa fa omi náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní láti bá mi ṣe é. Ohun kan wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù. Kò gbọdọ̀ ju ẹgbàá mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Gbogbo oúnjẹ inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń kọ iye rẹ̀ sí lẹ́yìn. Ẹ máa kà á."

"Kíkà kì í ṣe ìṣòro mi," Tíṣà dáhùn. "Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn."

Ìyàwó Wọ̀nọ́nwò yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ gbogbo ilé. Oúnjẹ wá tẹ́ lẹ́nu bí omi òjò. Tíṣà ò ráhùn, ṣùgbọ́n ó rù, àwo rẹ̀ sì ń padà sílé ìdáná pẹ̀lú ìdajì oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ tó ń dùn mọ́ ọn ni bisikíìtì tí àbúrò rẹ̀ ń gbé wálé, nítorí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ilé iṣẹ́ máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò mélòó kan. Ó yí ẹ̀yìn àpò náà padà, ó gbé awò sójú, ó kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "Ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan, bíi bisikíìtì márùn-ún, ọgbọ̀n gíráàmù. Sódíọ̀mù, irínwó mílígíráàmù." Ó mú bírò. Márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lọ́sàn-án, márùn-ún nírọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀fà nìyẹn. Ó ṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rin fún gbogbo oúnjẹ yòókù, oúnjẹ tí kò níyọ̀ kò sì lè jẹ ìyẹn tán.

Síbẹ̀ ó pe àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò mi, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń wọ̀n ọ́n?"

"Ìwọ ni."

"Ó tán nìyẹn."

Oṣù márùn-ún gbáko ni nǹkan fi lọ déédéé. Ẹsẹ̀ fọn, èémí rọ̀, Tíṣà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ẹnu ọ̀nà láti lọ bá àwọn aládùúgbò tàkúrọ̀sọ. Dókítà wo ìwé tó ń kọ iye oúnjẹ rẹ̀ sí, ó ní òun ò tíì rí aláìsàn tó mọ nǹkan ṣe tó báyìí.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ pààrọ̀ irin tó ń gé bisikíìtì. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé bisikíìtì ti máa ń fọ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn. Irin tuntun yìí ń gé e nípọn, kì í fọ́, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ̀nọ́nwò rí i pé ó nípọn, ta ni kò rí i? Ṣùgbọ́n àpò ni wọ́n gbà á láti máa wọ̀n, wọn ò gbà á láti máa wọ̀n ẹyọ. Àpò sì ń pé igba gíráàmù láìyẹ̀, ó ń fọwọ́ síwèé, ẹ̀rọ ń lọ.

Tíṣà náà rí i. "Bisikíìtì yín ti sanra," ó wí. Ó yí ẹ̀yìn ọ̀rá wò, márùn-ún ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀, irínwó ṣì ni. Ó bá ka márùn-ún bó ṣe ń kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó pe àbúrò rẹ̀ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Àpò yìí ti ń tètè tán o. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń kọjá ọjọ́ méjì. Ní báyìí, ọjọ́ kejì kì í ṣú kó tó tán."

Ó ti rẹ Wọ̀nọ́nwò lọ́jọ́ náà. Bàtà ló ń bọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àpò ò kéré, ẹnu yín ló gbòòrò sí i. Ẹ máa kà á dáadáa."

Àwàdà ni. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ó ń to bisikíìtì sórí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, á kà á, á da àwo délẹ̀, á tún un tò, á tún un kà. Ìyàwó Wọ̀nọ́nwò bá a níbi tó ti ń ṣe é, ó bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mò ń wò ó bóyá orí mi ṣì pé ni."

Ẹsẹ̀ tún wú. Lọ́tẹ̀ yìí ó gba orókún, ó ń gòkè bọ̀. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló fi ń sùn. Wọ́n gbé e padà sílé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Dókítà wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ohun tí ẹ kọ síbí àti ohun tí mò ń rí ò bára mu. Ẹ ń fi iyọ̀ jẹun ní kọ̀rọ̀."

"Ọmọ mi, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú."

Tíṣà yí ojú sí ògiri. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní kí ọmọ ènìyàn má jí ìdáhùn wò, ni wọ́n ń pè ní onírọ́ yìí. Ohun tó sì dun Wọ̀nọ́nwò jù nígbà tó yá ni pé lọ́jọ́ náà, òun alára kò gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ tán. Nígbà tó délé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpótí aṣọ, ó wo ẹ̀yìn fèrèsé, ó ń wá iyọ̀. Kò rí nǹkan kan àyàfi àwo tó mọ́ lóló àti bírò tí wọ́n dé ìdérí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níbi iṣẹ́, àpò kan ya lórí bẹ́líìtì tó ń gbé wọn kọjá, bisikíìtì dà sórí tábìlì rẹ̀. Ó ń kó wọn jọ láti dà wọ́n nù ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ka márùn-ún. Ó gbé wọn ka òṣùwọ̀n. Gíráàmù márùndínláàádọ́ta.

Ó ní òṣùwọ̀n ló bàjẹ́. Ó mú irin tí wọ́n fi ń dán an wò, ó gbé e lé e, òṣùwọ̀n pé. Ó tún mú márùn-ún mìíràn, márùndínláàádọ́ta. Ó ṣí àpò tuntun, ó ka gbogbo rẹ̀, méjìlélógún ni ó bá níbi tí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n máa ń wà. Ó wá jókòó, ó ṣe é lórí: márùn-ún tí wọ́n ní irínwó ni, ẹgbẹ̀ta ni. Ẹgbẹ̀fà tí Tíṣà ń kọ sílẹ̀ lójúmọ́, ẹgbẹ̀sán ni. Obìnrin tó ń di páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé ṣé kò sí o. Kò gbọ́.

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ pẹ̀lú bisikíìtì márùn-ún lórí bébà. Ọ̀gá gbọ́rọ̀ rẹ̀ tán, kò sì pariwo mọ́ ọn.

"Àpò pé àbí kò pé?"

"Ó pé, sà."

"Ṣé a wá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?"

"Iye tí wọ́n ní kí ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, sà. Àwọn kan wà tó ń fi ka oúnjẹ."

"Wo ibẹ̀ dáadáa. 'Bíi' la kọ síbẹ̀, bíi márùn-ún. Ọ̀rá tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ṣì kún yàrá ẹrù, ó máa tó lò fún oṣù mẹ́jọ. Tó bá tán, a ó tún un kọ." Ó wo ojú ọkùnrin náà. "Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé ìwòsàn, pé kó má padà wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ọ̀nà ni Wọ̀nọ́nwò fi ń ro bó ṣe máa sọ ọ́. Ó bá Tíṣà níjòókòó, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa àga, ó sì dọ̀bálẹ̀ dípò kó jókòó, lórí ilẹ̀ tútù wọ́ọ̀dù náà, níṣojú àwọn aláìsàn yòókù.

"Kí lo ṣe?" Tíṣà bi í. "Dìde, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ."

Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: irin tuntun, márùndínláàádọ́ta, méjìlélógún. Ó ní, "Ẹ bi mí, mo ní èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ní àpò ń tètè tán, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, omijé sì ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Àṣé márùn-ún ni mo ń kà."

"Márùn-ún ni ẹ ń kà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan."

"Mo ti rò pé orí mi ti dàrú. Mo ti ń bẹ̀rù pé n ó jí lọ́jọ́ kan, mi ò ní mọ orúkọ rẹ." Ó fọwọ́ nu ojú. "Lọ sọ fún dókítà yẹn pé mi ò purọ́. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Tó o bá dé, ká wá sọ̀rọ̀ ìyókù."

Ó lọ sọ ọ́. Dókítà wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì yín gbọ́." Tíṣà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyókù tó ní kí àwọn sọ, wọn ò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò ju ti ìgbà èwe lọ, nípa ìyá wọn, àti nípa bàtà kan tí Wọ̀nọ́nwò sọ nù sódò tó sì purọ́ pé ajá ló gbé e.

Ọjọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án, Tíṣà mí kanlẹ̀, kò sì tún mí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Wọ̀nọ́nwò bi dókítà pé bí òun bá ti tètè wọ̀n ọ́n ńkọ́. Dókítà ní ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́, pé bisikíìtì ò ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyẹn ló pa á, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìyẹn kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gbé e dìde, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ máa ń bá a nínú yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀, tó dúró síbi tí oòrùn ń bọ́ sí. Kì í pè é. Á kàn rọra ti ilẹ̀kùn.

Wọ̀nọ́nwò kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n tún iye ẹ̀yìn ọ̀rá kọ, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ pé, ọ̀rá tuntun dé. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é, ó na ọ̀kan sí i. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀: bíi bisikíìtì mẹ́ta.

"Ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?" ọ̀gá bi í, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà," ó wí, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó bọ́jú, ó tún un bọ́, ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin tó ń di páálí jáde wá wò ó. Ó fún un ní aṣọ tó fi ń so orí kó fi nujú, wọ́n sì jọ wọlé padà.