Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Tó Jókòó Sórí Ibojì Ọ̀gá Mi

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní òpùrọ́, mo sì ti gbà fún wọn. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà ní Ọ̀yọ́ kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́. Ìwọ̀nba ìwé tí mo mọ̀ náà ni mo fi ń kọ èyí, bí ẹ bá rí àmì tó ṣubú, ẹ bá mi gbé e dìde. Mo ti sọ ọ́ rí pé ẹfọ̀n kan fi ìwo gbé mi láti igbó Ìkòyí títí dé Ọ̀yọ́. Irọ́ ni. Mo sọ pé ọ̀bọ kan bá mi ta ayò, pé ó pa mí láyò. Ìyẹn náà irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Ṣùgbọ́n ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ìrẹsà yìí, mi ò fi iyọ̀ sí i. Mo tiẹ̀ yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni, kó má baà dẹ́rù bà yín jù.

Àsìkò ìjọba sójà ni, nígbà tí sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tó sọ gbogbo ọjà dọ̀wọ́n, gbòde tí olówó àti tálákà jọ ń fá ìkòkò. Ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ọdẹ, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn, ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Oko rẹ̀ ní Ìrẹsà ni wọ́n sin ín sí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má gbé òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ariwo Ọjà Igbó kò ní jẹ́ kí òun sùn. Ìyàwó rẹ̀, arúgbó Onítẹ̀bọmi tí kì í pa ìsìn jẹ, kò bá àwọn ọmọ lọ sílé. Ó jókòó ti ibojì náà ní abà, ó ń sin adìẹ.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi fẹnu kò síbì kan: níwọ̀n ìgbà tí adìẹ bá ṣì ń bọ́ ìyá, kí ìyá máa gbé oko. Ọjọ́ tí adìẹ bá tán, ọmọ yóò wá fi mọ́tò gbé e lọ sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìlọrin. Ìyá máa ń sọ̀rọ̀ yàrá yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní kan ilẹ̀ mọ́ títí òun yóò fi kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi dé.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní Ọ̀yọ́, ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé ẹní kan tí wọ́n ká lé nǹkan gígùn dání.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ Ọ̀yọ́ ẹlẹ́nu dídùn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú gírísì. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Adìẹ mi ni mò ń wí, aláwàdà! Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí ọkọ mi kọ́, ìwọ ló ń sọ káàkiri pé o lè yin eṣinṣin lórí imú màlúù kí màlúù má mọ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Wá yin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí kò sí lórí imú ẹnikẹ́ni."

Ó tú ẹní. Ìbọn ọ̀gá mi ni. Kì í ṣe ṣakabùlà tí à ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu o, ìbọn òyìnbó ni, tí à ń ki ọta bọ̀ nídìí. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta ọ̀gá mi lọ́rẹ. Bí mo ṣe gbé e sí èjìká báyìí, òórùn aáṣáà ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ kí mi. Ó ṣì wà lára igi ìbọn náà, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni.

Mo yà ní Sábó, mo ra òkúta tí à ń ta omi sí nínú àtùpà iwájú orí kó tó tàn, mo sì gba Ìrẹsà lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ òfin kan tí ọ̀gá mi kọ́ wa kó tó fi ìbọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹran tó bá sá, tìrẹ ni bí o bá yá ju ú lọ. Ẹran tó bá dúró, tìrẹ ni láìjiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jókòó, tó kọjú sí ọ, tí kò ṣẹ́jú, rọra sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀ kí o bi í léèrè. Wí fún un pé: "Bí o bá jẹ́ ẹran, sá. Bí o bá jẹ́ ẹni, dúró kí n mọ̀ ọ́." Ọdẹ tí kò bá bèèrè, ilé ni yóò padà sí, yóò sì bá ojú ọta náà lára ẹni tí kò rò.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ìyá kì í wá lọ́gànjọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń wá, nígbà tí ìkùukùu bá bo ebè tí èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ igi nínú èyí tó jẹ́ ènìyàn. Mo ba sẹ́yìn ilé adìẹ, mo pa àtùpà dé. Ìrẹ̀ ń ké lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dákẹ́. Kò sí afẹ́fẹ́. Adìẹ kan ké kíún, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Nígbà tí mo máa fi ṣí àtùpà, ó ti gbé e lọ.

Mo fi iná tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé inú igbó ló máa wọ̀. Kò wọ igbó. Orí ibojì ọ̀gá mi ló lọ, ó jókòó, ó sì kọjú sí mi. Ó gbé adìẹ náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Mo wò ó, ó wò mí. Mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo bi í bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò sá. Èmi ni mo fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, mo fi adìẹ sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rú ẹ̀kọ.

"Mi ò gbọ́ ìró ìbọn."

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

"Afẹ́fẹ́ ló di ìbọn lẹ́nu, àbí ìwọ ló di?"

Mo mu ẹ̀kọ mi. Ìdájí kejì, bákan náà ló rí. Ó gbé adìẹ, ó jókòó síbì kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pinnu pé mi ò ní bi í ní nǹkankan. Mo gbé ìbọn síjú, òórùn aáṣáà yẹn bo imú mi, ìka mi sì kọ̀ láti tẹ̀. Àwọn ará abà kejì ti gbọ́. Wọ́n ń kí mi báyìí pé, "Ọdẹ, ẹ kú ìjókòó o! Ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń ṣe dáadáa?"

Adìẹ tó kù nílé kò tó ohun tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà mọ́. Ọmọ Ìlọrin sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Mo wá sọ òtítọ́ fún Ìyá.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ wa ní òkú kì í padà."

"Lèmọ́mù wa náà sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

"Ojú ẹ̀ ni. Ó ń wò mí bí ọ̀gá ṣe máa ń wò mí tí mo bá fi ọta ṣòfò."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fẹ́ iná títí eérú fi bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Èmi fúnra mi ni yóò bi í. Lọ sùn."

Ní ìdájí Sátidé, ó jáde nínú aṣọ funfun tó fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó wé gèlè, ó wọ bàtà. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti jókòó sórí ibojì ká tó dé, bí ẹni tí wọ́n bá ṣe àdéhùn. Adìẹ wà níwájú rẹ̀. Ìyá kò bẹ̀rù. Ó lọ títí ó fi sún mọ́ ọn ju bí èmi ṣe lè sún mọ́ ọn lọ.

"Ìwọ ẹranko yìí," ó ní, "bí o bá jẹ́ ẹran lásán, jókòó síbẹ̀ kí ọmọ yìí yìn ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ, kí wọ́n má baà gbé mi lọ sí Ìlọrin."

A dúró. Ìrì ń kán lára ewé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò mi ìrù. Ó jókòó ṣinṣin.

Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹran ni, Ìyá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo gbé ìbọn. Ìyá fi ọwọ́ tẹ ẹnu ìbọn náà mọ́lẹ̀.

"Má yìn ín."

"Ìyá, ó jókòó! Ẹ̀yin lẹ sọ pé tó bá jókòó..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Gbogbo ọjọ́ tí mo lò nílé ọkùnrin yẹn, mò ń sọ fún un pé kó dìde. Ìgbà wo ló dìde rí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ṣe ń jáde ni irun ara mi ń dìde, nítorí òtítọ́ ni. Bí òjò bá ń pa ọ̀gá mi, tí ìyàwó rẹ̀ ní kó wọlé, ńṣe ni yóò túbọ̀ fìdí kalẹ̀ dáadáa.

Ìyá bọ́ bàtà. Ó jókòó sí etí ibojì náà pẹ̀lú aṣọ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní àbígbẹ̀yìn wọn bí ìbejì ní Kàdúnà. Ó ní ìjì ti ṣí páànù yàrá ẹ̀yìn lọ. "Ẹni tí ẹ jọ máa ń ta ayò náà ti kú. Ṣé ẹ ti ríra?" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi rí i. Mi ò mutí, Mùsùlùmí ni mí.

Ohùn Ìyá wá yí padà. "Àgbébọ̀ tí kò bá yé mọ́, tiyín ni, màá máa so ó mọ́bí fún yín. Àwọn yòókù, tèmi ni. Bí ẹ bá jẹ wọ́n tán, wọ́n á gbé mi lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ó wà níbí. Ta ni ẹ óò wá máa dá lóhùn pé ẹ ò dìde?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dìde. Kò sáré. Ó bá àárín ebè lọ, ìkùukùu sì gbà á. Adìẹ tó fi sílẹ̀ gbọn ara pépé, ó dìde, ó ń jẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Ọmọ Ìlọrin dé kí oòrùn tó mú.

"Màmá, adìẹ mélòó ló kù?"

"Ó tó."

"Ẹ jẹ́ n kà á."

"Lọ ka irun orí rẹ ná. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀ tí wọn ò pọ̀ sí i, èmi fúnra mi ni màá wọ mọ́tò rẹ."

Ó wo èmi àti ìbọn mi, ó rò pé mo ti pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Nígbà tó padà dé lóṣù kejì, òròmọdìẹ ti kún inú agbo débi pé kò rí ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ sí. Òun nìkan ló wọ mọ́tò rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, mo gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo ní kí n yà kí Ìyá. Ìkùukùu ti bo gbogbo oko. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níhà ibojì, ó ń ròyìn nǹkan kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ fún ẹni tó ń fèsì. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irọ́ lẹ̀ ń pa!"

Mo dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi. Mi ò kí wọn. Mo rọra yí orí kẹ̀kẹ́ padà, mo ń fi ọwọ́ tì í kó má baà pariwo.