Kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Onígìtá

Àwa olólùfẹ́ olóògbé Bọ̀dá Onígìtá péjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti rántí rẹ̀. Ẹnìkan tẹ rédíò kásẹ́ẹ̀tì, ó dún "káà", ni mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ kan.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa nínú aṣọ òjò, láàárín ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ń rùn bíi rọ́bà tí oòrùn pa. "Gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí fún bàbá ẹ. Orin mi tuntun ni."

Mo gbọ́ ọ. Igbe àti ariwo irin ni létí mi. Wòlímọ̀, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ilé-kéwú mi, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bọ̀dá ti ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohùn mìíràn lé orin rẹ̀. Mo fi bébà dí ihò ẹ̀, mo ka Yáásín, mo sì gbà á lé orin náà lórí. Bàbá mi gbọ́ kéwú mi, inú wọn dùn.

Àṣé ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nìyẹn.

"Ta ló ní orin tó kọ kẹ́yìn yẹn lọ́wọ́?" ni àwọn tó péjọ ń bi ara wọn. Èmi náà bá wọn bèèrè.