Bàbá Ẹ-Dákẹ́ àti Alága Tí Wọ́n Ní Ó Tì Mọ́lé

Wọ́n ní Bàbá Ẹ-Dákẹ́ ti alága ẹgbẹ́ mọ́ inú ilé ìkàwé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní nítorí ìwé kan tí obìnrin náà yá tí kò dá padà ni. Àwọn kan ní abẹ́ ilẹ̀kùn ló ti ń ti oúnjẹ sí i. Àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìdádúró ní àfi tó bá ka ojú ìwé mẹ́wàá tán kí Bàbá tó fún un lómi mu. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn tí kò mọ ìtàn yìí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ rí tí kò bù mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rìí sì wà. Ọkùnrin tó ń tún ọgbà ilé ìkàwé ṣe fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Bàbá dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó ń pariwo: "Kò ní jáde! Títí ìwé yẹn yóò fi yọjú, Alága kò ní jáde!"

Ẹlẹ́rìí wa bi í pé, "Bàbá, kí ni ìyáàfin náà ṣe fún yín?"

"Ẹ dákẹ́! Àwọn èèyàn ń kàwé."

Ilé ìkàwé wà ní títì lọ́jọ́ náà. Ẹni kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà ni ọkùnrin tó ń gé koríko.

Bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tí Ọlọ́run fún un kì í ṣe ohùn abẹ́lé. Tó bá ní kí ẹni tó ń wúkọ́ rọra, gègé á bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ìwé ńlá kan já bọ́ láti orí pẹpẹ, ó dún gbàmù. Bàbá gbé e, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ìwọ náà, dákẹ́."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà, òun nìkan ló sì ń kọ ìwé ìròyìn wọn tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Kì í fi nǹkan kan pa mọ́. Ohun tó kọ nípa ìpàdé ọdọọdún kan rèé: "Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wá. Mẹ́rìndínlógún ló wà lójúfò."

Akápò fi ìbínú gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. "Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ pé mo sùn?"

"Ṣé ẹ rí orúkọ yín níbẹ̀ ni?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èmi ni!"

"Ta ló sọ fún wọn? Ohùn mi nìkan kọ́ ló ń lọ jìnnà nínú ẹgbẹ́ yìí."

Nínú ìwé ìròyìn tó tẹ̀ lé e, àtúnṣe kan jáde: "Akápò ní òun kò sùn, òun kàn di ojú ronú ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìhanrun rẹ̀."

Ẹ wá gbọ́ ti dókítà eyín. Eyín kan ń da Bàbá láàmú, ó lọ kí wọ́n yọ ọ́. Ó ti jókòó, ó ti yanu, dókítà ti ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ni ojú Bàbá bá lọ sórí pẹpẹ tó wà lókè orí dókítà. Ó rí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé rẹ̀ lára ìwé kan. Ó na ìka sókè. "Ah! Aah-ah!"

"Ṣé ó ń dùn yín ni, Bàbá?"

Bàbá yọ irin náà kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. "Ó ń dùn mí gan-an. Ọdún mẹ́rin ló ti ń dùn mí. Ẹ gbé ìwé yẹn sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká yọ eyín náà ná."

"Ìwé ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Òun la óò kọ́kọ́ yọ."

Ó gbé ìwé náà lé àyà títí wọ́n fi yọ eyín náà tán. Dókítà sọ pé òun kò rí aláìsàn tó rẹ́rìn-ín báyẹn lórí àga òun rí.

Nílé, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo nǹkan bí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ìkòkò ní nọ́ńbà, iyọ̀ ní nọ́ńbà, bàtà ọ̀tún àti bàtà òsì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó lẹ nọ́ńbà kan mọ́ Bàbá níwájú orí, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹrù sí. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó síbí. Ibí la ń to àwọn tí a kò ní lò lọ́sẹ̀ yìí sí."

Nígbà tí Bàbá papòdà ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé tuntun. Òun náà kò gbẹ́yìn nínú àwàdà. Ó gbé awò ojú Bàbá pamọ́ sáàárín ìwé nígbà kan, ó sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Kí ó tó ka ẹẹ́wàá, Bàbá ti rí i, ó sì gbóríyìn fún un: "Nọ́ńbà rẹ pé. O ti ń di òṣìṣẹ́."

Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi orúkọ Bàbá pe yàrá ìkàwé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Olú ilé ẹgbẹ́ kọ̀wé padà pé àwọn gbọ́ ìtàn kan nípa alága tí wọ́n tì mọ́lé, pé kí ẹ̀ka kọ ìgbésí ayé ọkùnrin náà jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, kí àwọn rí i kà kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ kan bọ́ sọ́rùn akọ̀wé tuntun. Ó kọ gbogbo rẹ̀, eyín àti nọ́ńbà àti ìhanrun. Ìtàn ilẹ̀kùn ló fi ṣáájú, nítorí òun ló ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Ó rò pé bí olú ilé bá rẹ́rìn-ín, wọn yóò fọwọ́ sí i. Ó wá gbé e lọ fún Ìyá Alága, obìnrin tí wọ́n ní wọ́n tì mọ́lé gan-an.

Ìyá Alága kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Wọn ò ní fọwọ́ sí èyí."

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé yóò pa yín lẹ́rìn-ín ni."

"Ọdún mọ́kànlá ló ti ń pa mí lẹ́rìn-ín. Jókòó, ọmọ mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ni pé àwọn olùbẹ̀wò láti olú ilé ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí wọn kò bá rí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹ̀ka yìí, wọn yóò pa ẹ̀ka náà rẹ́. Ìwé ọ̀hún sì di àwátì.

"Èmi ni mo sọ ọ́ nù," ni Ìyá Alága wí. "Ẹnì kan fi ọgọ́ta ìwé ta wá lọ́rẹ. Mo ń lu òǹtẹ̀, mo ń lẹ nọ́ńbà, ọwọ́ mi ń yá. Mo ṣí ọ̀kan tí kò ní àkọlé, tó ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó kó wọn dé, mo ka ojú kan: àwọn àgbààgbà kan ń jà nítorí àga. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìtàn àròsọ nìyí. Mo fún un lákọlé, mo tò ó sórí pẹpẹ, mo gbàgbé rẹ̀."

Akọ̀wé tuntun la ẹnu. "Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ sí i, mà?"

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi fọwọ́ sí i. Mi ò kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Nígbà tí Ìyá Alága mọ ohun tó ṣe, ó sọ fún Bàbá nìkan. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́, pé bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá gbọ́ pé alága wọn kì í ka ohun tó ń fọwọ́ sí, òun kò ní rí ojú gbé síwájú wọn mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú pẹpẹ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bàbá ń gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì ń lé àwọn tó bá fẹ́ yọjú.

"Mi ò sì rí i. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, télọ̀ kan wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá dá ìwé padà. Òun ni! Ó ti yá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo Bàbá lójú, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé apá kejì rẹ̀ ti dé?'"

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ gbá ìwé náà mọ́ra. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó dákẹ́ nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Alága fi ní kí wọ́n fún òun ní áńkáṣíìfù.

"Ṣùgbọ́n mà, kí ló dé tí kò sọ ọ́ rí? Bàbá tó kọ ọ́ pé Akápò ń hanrun?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ìwé náà tó yọjú, mo bi í pé kí ni yóò sọ fún àwọn èèyàn. Ó ní, 'Alága, àwọn èèyàn ti ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀yin, kò tíì mọ́ yín lára.' Ó wá jáde lọ bá ọkùnrin ọlọ́gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí pariwo."

Akọ̀wé tuntun ká ìwé rẹ̀ kò. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí n yọ ọ́ kúrò, mà?"

"Rárá. Kọ ọ́ bó ṣe rí."

"Orúkọ tiyín ńkọ́?"

"Ọmọ yìí, orúkọ tèmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi pe yàrá. Lọ kọ ọ́, kí o gbé e padà wá. Màá kà á kí n tó fọwọ́ sí i."

Ó padà sídìí tábìlì tí Bàbá fi sílẹ̀. Ó fa igi lé gbogbo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lórí, ti ọjọ́ mẹ́ta, ti oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ti ojú ìwé mẹ́wàá, ó sì kọ gbólóhùn kan dípò rẹ̀: Ìyá Alága fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn náà, láti inú.