Ogún Orin Ọjọ́ Sátidé ní Ọ̀kà

Ọdún tí ìyá mi kú ni mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo ya odi. Ohùn mi wà níbẹ̀. Mo ń wúkọ́, mo ń sín, wọ́n tilẹ̀ ní mo máa ń ráhùn lójú oorun bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá mi kúrò nínú yàrá. Bàbá mi, tó jẹ́ alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní Ìkàrẹ́, ṣe àdúà sínú omi fún mi mu títí. Àwọn obìnrin àdúgbò ń fi àkàrà tàn mí, àwọn mìíràn ń já mi láyà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bóyá màá ké. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá láti Ọ̀kà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí bàbá mi di ẹrù mi.

"Ọmọ ọlọ́mọ lò ń kọ́ láti àárọ̀ dalẹ́," ó wí fún un. "Ta ni yóò wá jókòó ti tìẹ? Jẹ́ kó tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́ni tó máa dà á láàmú pé kó sọ̀rọ̀ nílé mi."

Wọn ò tíì pẹ́ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà. Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí Ọ̀kà rárá, ṣùgbọ́n lójú èmi ọmọdé, bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè náà, mo rò pé a ti kúrò ní ilẹ̀ tí mo mọ̀. Ilé dúró lórí àpáta, àpáta dúró lẹ́yìn ilé. Ohùn wọn pàápàá yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Inú mi dùn sí ìyẹn, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ ohùn ìyá mi.

Gbogbo wa la ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Ọ̀kà, ọkọ rẹ̀ sì ni Bàbá Ọ̀kà. Bàbá Ọ̀kà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù láàrin Èkó àti Kánò kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ó lè rí ìmọ́lẹ̀, ó lè rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ àfi tí onítọ̀hún bá fọhùn. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àti àgbàlagbà tí kò ríran ló kó sínú ilé kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kọjá níwájú àga rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ó bèèrè.

Mo dúró. Ó tún bèèrè. Nígbà tí mo rí i pé ó ti fẹ́ dìde, mo sún mọ́ ọn, mo fi ìka kan orókún rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, ìyàwó mi ni. Ó dára. Tó o bá ti ń kọjá, máa kàn mí lórókún bẹ́ẹ̀, màá mọ̀ pé ìwọ ni."

Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Rédíò ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, tí wọ́n fi awọ rán aṣọ fún. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìròyìn ni wọ́n fi ń gbọ́, àti ètò Haúsá tí Bàbá fẹ́ràn láti ìgbà Kánò. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásàrí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ètò kan máa ń wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń ka ogún orin tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà jù lọ lọ́sẹ̀ náà. Èyí tó wà nípò ogún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi èyí tó gba ipò kìíní kádìí rẹ̀. Òyìnbó kan tí Bàbá bá ṣiṣẹ́ ní Kánò ló kọ́kọ́ jẹ́ kó gbọ́ ọ, kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì Bàbá kò ju ti ojú títì lọ. Ó mọ "dúró", ó mọ "máa lọ", ó sì mọ kíkà láti oókan dé ogún, ìyẹn sì tó o. Kò mọ orúkọ orin kankan, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Ọkùnrin kan wà tí ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n, Bàbá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́kún. Àwọn obìnrin kan máa ń kọrin pọ̀, ó sọ wọ́n ní Ọmọ Ìyá. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ó pè ní Onígìtá. Bí wọ́n bá dárúkọ ipò tí Onígìtá wà, tó sì ti gòkè ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, á fi ọwọ́ lu itan, á kígbe pé, "Ó gbéra!" Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á ní àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò létí.

"Ìwọ náà, mú tìẹ," ó wí fún mi ní Sátidé kan. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ìjàkadì, eruku lásán ló ń wò."

N kò mú nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Bàbá kì í ti í fọkàn sí i, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin láìla ẹnu. Ńṣe ló kọ́kọ́ ń kùn ún sínú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi máa ń kùn tó bá ń dirun fún mi, tí mo bá wà láàrin orókún rẹ̀. Mo fi ìka kan Bàbá lórókún.

"Èyí?" ó wí. "Èyí tó ń kùn bí oyin yìí?"

Mo tún kàn án.

"Ó dáa. Olóyin ni tìẹ."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí àti ìdí fún mi. Èmi ni mo ń sá bátìrì sóòrùn lórí àpáta kí wọ́n lè lágbára di Sátidé. Ìyá Ọ̀kà ń ráhùn.

"Bátìrì tó yẹ ká fi gbọ́ ìròyìn tó bá di Mọ́ńdè," ló máa ń wí níbi tó ti ń yan gàrí, "orin òyìnbó ló ń jẹ ẹ́ run."

Ṣùgbọ́n òun náà ló ń rán mi létí pé oòrùn ti yọ, kí n lọ sá wọn.

Bàbá mi wá wò mí lọ́jọ́ kan láti Ìkàrẹ́, ó sì bá mi níbi tí mo ti tẹ́ etí mọ́ rédíò. Ó fajú ro. Ó jókòó, ó kí Bàbá Ọ̀kà tán, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ọmọ tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó la ẹnu, ṣé orin òyìnbó ló yẹ kó máa wọ inú rẹ̀?"

Bàbá Ọ̀kà fọwọ́ wá bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó pa rédíò.

"Alùfáà," ó wí, "gbogbo ilẹ̀kùn ara ọmọ yìí ló tì, etí nìkan ló kù. Ẹ má jẹ́ ká ti ìyẹn náà."

Bàbá mi ní, "Kò burú." Ó nawọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì tan rédíò náà padà.

Olóyin ń gòkè. Kì í sáré, ṣùgbọ́n kì í dúró. Ó ṣubú lọ́sẹ̀ kan, mo sì kọ̀ láti jẹun alẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ló tún gbérí, ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi sún mọ́ Onígìtá Bàbá, tó ti jókòó sípò kìíní nígbà náà bí ọba.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò rọ̀ láti àárọ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí wọ́n kírun Alásàrí. Rédíò ń ta nínú ilé bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò gbọ́.

"Ká gun àpáta," ó wí.

Àpáta ẹ̀yìn ilé ni, níbi tí wọ́n máa ń sá nǹkan sí. Ó ṣì tutù, ó sì ń yọ̀. Mo di ọwọ́ Bàbá mú, òun gbé rédíò kọ́ èjìká. Tí a bá dé ibi tó ga, màá fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ̀ pé kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí rẹ̀. A jókòó, mo gbé rédíò lé itan, mo sì gbé etí lé e, nítorí ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri.

Wọ́n kà á títí, wọn ò dárúkọ Olóyin. Wọ́n kọjá ipò tó wà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, n kò gbọ́ ọ.

"Yálà ó ti já bọ́ pátápátá," Bàbá wí, "tàbí kó ti gòkè."

Ó kan ipò kejì. Onígìtá ni. Bàbá dìde ní ìdajì, ó tún jókòó. "Wọ́n ti lé e! Ta ló lé e? Ta ló gba ipò rẹ̀?"

Bí Òyìnbó náà ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni ohùn lọ. Ariwo nìkan ló kù, bí òjò lórí páànù.

"Kí ló wí?" Bàbá na ọwọ́, ó ń wá mi. "Kí ló wí? Èwo ni?"

Mo kàn án lórókún. Ṣùgbọ́n kíkàn yẹn kò sọ ju pé mo wà níbẹ̀ lọ. Mo tún kàn án. Kò yé e. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ariwo náà, obìnrin yẹn, tó ń kùn láìla ẹnu.

"Olóyin ni," mo wí. "Bàbá, Olóyin ni. Tèmi ni!"

Ohùn mi há bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn. Ó ba èmi fúnra mi lẹ́rù. Mo rò pé Bàbá yóò kígbe, mo rò pé yóò pe àwọn aládùúgbò. Ó kàn bèèrè bí ẹni tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ó ti lé tèmi lọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kú oríire," ó wí. Ṣùgbọ́n ó dì mí léjìká mú, kò sì fi mí sílẹ̀ títí a fi dé ilẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n lọ sọ fún Ìyá. Ìyá Ọ̀kà kọ ẹ̀yìn sí mi nídìí agbada gàrí.

"Ìyá," mo wí, "orin mi ló gba ipò kìíní."

"Ẹ kú oríire," ó dáhùn láìwẹ̀yìn, kò tíì fọkàn sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n rí gàrí mi yan." Ó yí gàrí náà, ó tún yí i, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú eérú àti ohun gbogbo, ó fà mí mọ́ra, ó sì sunkún bí ọmọdé. Gàrí jó. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní pípọ́n, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìkàrẹ́. Ọjọ́ kejì ló dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó fi etí agbádá bo ojú. Nígbà tó ṣí ojú, ohun tó kọ́kọ́ bi Bàbá Ọ̀kà ni pé, "Rédíò yìí, irú bátìrì wo ló ń lò?"

Láti ìgbà náà, kò wá sí Ọ̀kà láìmú bátìrì dání, á dì í sínú ìwé ìròyìn. Kò jókòó gbọ́ ètò náà rí. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi mí pé, "Ẹni tìẹ ńkọ́? Ipò wo ló wà báyìí?"

Olóyin kò pẹ́ lókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe gòkè, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi bọ́ kúrò nínú ogún. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Bàbá Ọ̀kà ní, "Wọ́n lè mú un kúrò lórí rédíò, wọn ò lè mú un kúrò létí rẹ. Mú òmíràn." Mo mú òmíràn. Mo mú ọ̀pọ̀.

Ìgbà tí mo padà sí Ìkàrẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo bá àwọn ọmọge tó mọ orúkọ gbogbo orin wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ tí wọ́n ń pe orin mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Mo gbé e lọ bá Bàbá ní ìsinmi. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Olóyin dára jù ú lọ," ó wí.

Ó ti di olóògbé báyìí, Ìyá Ọ̀kà náà ti tẹ̀ lé e, bàbá mi sì sùn sí Ìkàrẹ́. Èmi ń gbé ní Ugbe, nílé ọkọ mi, níbi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Òótọ́ ni. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tó ń ra orin wọn jẹ́jẹ́, tí wọn ò mọ̀ pé ọmọ kan wà lórí àpáta tó ń retí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ń dárúkọ nínú àdúà mi jù lọ ni àwọn àgbà mẹ́ta tó fún mi láyè láti dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi wá fúnra rẹ̀. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Mo ti tọ́ ọmọ, mo mọ̀ bó ṣe ṣòro tó.